Ìrẹsì Tí Mo Sè Sílẹ̀ Kí N Tó Jáde

Adìẹ la kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé ti fẹnu kò pé adìẹ tí mo rà ló ṣe wá báyìí, èmi gan-an sì ti ń bú ẹni tó tà á fún mi nínú ọkàn mi. Adìẹ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìrẹsì ni. Ìrẹsì funfun lásán tí mo fi ọwọ́ ara mi sè, tí mo tún ń yin ara mi lé lórí. Mò ń kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wà lórí sítóòfù nínú ọ̀pọ̀ ilé bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ sì ti jáde lọ.

Ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, ni mo bá kó gbogbo ohun tí mo ti ń sún síwájú lé e lórí: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi tó ti ń tán lọ, ìwé tí báńkì ní kí n wá fọwọ́ sí, bàtà ọmọ mi tó wà lọ́wọ́ aṣebàtà, àti ohun tí a ó jẹ lálẹ́. Mo mọ ara mi. Bí mo bá fi máa yí gbogbo ibẹ̀ ká tán, agbára oúnjẹ gidi kò ní sí mọ́. Mo jí ní kùtùkùtù, mo se ìrẹsì kalẹ̀, pé bí mo bá dé, ọbẹ̀ tòmátì àti adìẹ nìkan ni yóò kù. Ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé ni mo lò, kó lè ṣẹ́kù di ọ̀la. Nígbà tó jinná, mo pa iná, mo dé e pa, mo tún fi aṣọ ìnuwọ́ tó nípọn bo ìdérí rẹ̀ kí eṣinṣin má bàa rí àyè.

Aṣọ ìnuwọ́ yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ sí jù tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà. Eṣinṣin ni mo ń lé. Ohun tí yóò ṣe wá léṣe ti wà nínú ìkòkò ná, aṣọ tí mo sì fi bò ó ń bá a pa ooru mọ́.

Ọjà ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí ẹni tó bá pẹ́ kì í bá adìẹ tó dára níbẹ̀. Mo ra odindi kan tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀, mo ra tòmátì, àlùbọ́sà àti kùkúḿbà, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan náà, mo gbé e sí bùútù ọkọ̀. Ó di báńkì. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìlà tí mo tò níbẹ̀ dá yín dúró, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé inú òòrùn ni ọkọ̀ wà, àti pé nígbà tí mo padà wọ inú rẹ̀, irin bẹ́líìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi lọ́wọ́. Bí irin bá gbóná tó báyẹn, báwo ni ti ẹran inú bùútù? Ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Aṣebàtà ni mo ń rò, kó má lọ ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀. Ẹni tó bá ń dáná fún èèyàn, kó fi nọ́ńbà méjì sórí: 5°C àti 60°C. Àárín méjèèjì ni ara ti máa ń tu kòkòrò àrùn jù. Bí ibẹ̀ bá bá wọn lára mu dáadáa, ọ̀kan lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, ẹ máa bá a lọ títí tí aṣebàtà á fi rí bàtà ọmọ yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹran tútù tàbí oúnjẹ sísè má lò ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, kó sì jẹ́ wákàtí 1 péré tí ooru bá ti kọjá 32°C. Bùútù ọkọ̀ tó wà nínú òòrùn kì í pẹ́ kọjá 32. Adìẹ mi lo ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀. Orí ló kó wa yọ lórí ti adìẹ, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo délé. Oògùn wà lọ́wọ́, bàtà wà lọ́wọ́, mo ti fọwọ́ sí ìwé báńkì, inú mi sì dùn pé ọjọ́ náà kò ṣòfò. Mo gbé adìẹ sínú síǹkì, mo ṣí omi ẹ̀rọ lé e lórí. Omi ń ta sókè, ó ń ta sórí abọ́ tí mo ti fọ̀ sílẹ̀. (Wọ́n ní kí a jáwọ́ nínú ìyẹn pẹ̀lú. Ohun tí omi náà ń ṣe ni pé ó ń fọ́n kòkòrò ara ẹran káàkiri, bẹ́ẹ̀ iná ló ń pa wọ́n, omi kò pa wọ́n. Tí ohun tí ẹ fẹ́ mú kúrò bá wà lára rẹ̀, ẹ fi bébà ìnuwọ́ nù ún, ẹ ju bébà náà nù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.) Mo gé e sí wẹ́wẹ́ lórí pátákó, mo sì na ọwọ́ sí kùkúḿbà kí n fi ọ̀bẹ kan náà gé e. Ìyá mi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ló rí mi.

"Ọ̀bẹ tí o fi gé ẹran tútù lo fẹ́ fi gé ohun tí kò ní kan iná? Lọ fọ ọ̀bẹ yẹn."

"Ẹ má bínú, màámi. Ó ti rẹ̀ mí ni."

"Àárẹ̀ kì í fọ ọ̀bẹ."

Mo fọ ọ̀bẹ, mo fọ pátákó, mo tún fọ ọwọ́ mi. Mo gbé adìẹ sínú ọbẹ̀, ó hó títí tí ẹran rẹ̀ fi ń já kúrò lára egungun. Ẹran adìẹ ní láti gbóná dé 74°C níbi tó nípọn jù lára rẹ̀ kí ọkàn tó balẹ̀, tèmi sì kọjá ibẹ̀ dáadáa. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni mo bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó yẹ kí n bẹ̀rù ni mo ṣọ́ra fún. Èyí tí n kò bẹ̀rù ló mú wa.

Nígbà tí mo ṣí ìrẹsì, omi ti sùn sí abẹ́ ìdérí, ó ń kán sílẹ̀ tó, tó. Mo ti ṣíbí bọ àárín rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ṣíbí náà: láti àárọ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyá mi pé ìkòkò yìí mà ń mú ooru dúró o. Mo fi imú kàn án, kò sí òórùn kankan. Mo tọ́ ọ wò, ìrẹsì ni, kò yí padà. Mo wọ́n omi díẹ̀ sí i, mo gbé e padà sórí iná títí tí èéfín fi ń yọ. A jẹun, ó dùn.

Ọmọ mi kì í jẹ adìẹ. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ díẹ̀ ló jẹ. Ìyá mi àti èmi jẹ nínú gbogbo rẹ̀: ìrẹsì, ọbẹ̀ àti adìẹ. Ọkọ mi pẹ́ kó tó dé, ó ní ìrẹsì ti wúwo jù fún òun ní irú àsìkò yẹn, ó fi búrẹ́dì jẹ adìẹ àti ọbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ ké. Kò tíì sùn wọra nígbà tó jókòó lórí ibùsùn tó ní inú ń rú òun, kí n sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bì sórí ìrọ̀rí. Mo ń nù ún lọ́wọ́ ni tèmi dé. Ìyá mi ló kẹ́yìn, òun ló sì le jù lára rẹ̀. Ọkọ mi dúró láàárín wa pẹ̀lú garawa àti aṣọ inulẹ̀, ara rẹ̀ le koko, ó ń wò wá bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti mú un.

Omi ni mo ń fún wọn, ife kún fọ́fọ́. Kì í pẹ́ nínú wọn kó tó padà jáde, màá sì tún bu òmíràn. Mo rò pé bí mo bá ṣe ń rọ ọ́ sí i tó ni yóò ṣe dúró tó. Nọ́ọ̀sì ló wá kọ́ mi lẹ́yìn náà: ṣíbí kan, sinmi ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣíbí mìíràn. Ikùn tó ń da nǹkan jáde kò lè gba ife, ṣùgbọ́n ó lè gba ṣíbí. Omi lásán kò sì tó, nítorí iyọ̀ ara ń bá èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lọ. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí a ń pò mọ́ omi mu láti dá omi padà sára, ló dára jù, kì í sì í wọ́n nínú ilé mi mọ́. Tí kò bá sí, lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a rẹ́ lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi ojú díwọ̀n iyọ̀ náà. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu, pàápàá fún ọmọdé.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ẹnu ìyá mi ti gbẹ débi pé ahọ́n rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Òòyì ń kọ́ ọ. Kò tọ̀ láti alẹ́. Èmi sì ń sọ pé yóò rọlẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà sì ń sọ pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí wọn kò bá fẹ́ ni ọmọ lára. Ní ìdájí, mo rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo torí rẹ̀ tò ní kẹ́míìsì, mo sì fún un lò, pé bó ti wù kó rí, kó má pa oògùn jẹ. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọkọ mi ló gbé e wọ ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní kí a dá oògùn yẹn dúró títí tí omi yóò fi padà sí i lára, nítorí ara tó ti gbẹ kò fẹ́ ohun tí yóò tún fa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ lọ dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró fúnra yín o. Ẹ béèrè ni, kí ẹ tètè béèrè. Àmì tí n kò mọ̀ nígbà yẹn tí mo ti mọ̀ báyìí: ẹni tí kò lè gba omi dúró rárá, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dín kù tàbí tó ti pọ́n jù, ẹni tí òòyì ń kọ́ tó bá dìde, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara gbígbóná tó kọjá 38.9°C, ìgbẹ́ gbuuru tó ti ju ọjọ́ 3 lọ. Èyíkéyìí nínú wọn tó láti gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àgbà tó ti lé ní 65 àti aláboyún, ẹ má bá wọn fi falẹ̀ rárá.

Wọ́n fi dírípù sí ìyá mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ adìẹ fún dókítà, bí mo ṣe rà á, bí òòrùn ṣe pa á, ó dá mi lẹ́kun. Aago ló ń béèrè. Aago mélòó lẹ jẹun? Aago mélòó ni ẹni àkọ́kọ́ bì? Ta ló jẹ kí ni? Ó ya ìlà sórí bébà, ó kọ orúkọ gbogbo wa sí i, ó ń kọ ohun tí oníkálùkù jẹ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí kò fẹnu kan adìẹ ló kọ́kọ́ bì. Ẹni tó jẹ adìẹ àti ọbẹ̀ láìjẹ ìrẹsì ló dúró níwájú rẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é. Ó gbé ojú sókè.

"Ìrẹsì yẹn, ìgbà wo lẹ sè é?"

Mo dákẹ́. Ọkọ mi ló dá a lóhùn.

Bacillus cereus ni orúkọ kòkòrò tó fura sí. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì tútù wọlé láti oko, ìrẹsì yòówù kó jẹ́. Sísè ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń di ohun kan bí irúgbìn tí èèpo rẹ̀ le, tí omi híhó kì í pa. Bí ìrẹsì bá wá dúró nínú ooru díẹ̀díẹ̀, irúgbìn yìí á jí, á máa pọ̀ sí i, àwọn kan nínú wọn á sì tú oró sínú oúnjẹ. Gbogbo wàhálà wà lọ́wọ́ oró náà. Ẹ gbé ìrẹsì padà sórí iná kó hó títí, kòkòrò lè kú, oró kò lọ ibì kan. Kò ní òórùn, kò sì ń yí adùn padà. Èébì tó ń fà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí 6 lẹ́yìn oúnjẹ. Kòkòrò Salmonella tí a fi ń bẹ̀rù adìẹ máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti wákàtí 6 títí dé ọjọ́ 6. Ẹnikẹ́ni kò gbé ìrẹsì wa lọ fún àyẹ̀wò, ọkọ mi ti da èyí tó kù nù. Aago àti bébà yẹn ni dókítà fi dá a mọ̀. Láti ìgbà náà, tí ikùn bá ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ilé, mo máa ń kọ ohun tó jẹ àti aago sílẹ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ojú tì mí, n kò ní purọ́. Ìyá mi wà lórí ibùsùn, ìkòkò èmi ọmọ rẹ̀ ló sì gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2015 pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 600 ni oúnjẹ tó lárùn ń dá dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, tí 420,000 nínú wọn sì ń kú. Kò dín ìtìjú mi kù, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n yéé fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí ni àkókò tí mo rò pé mo fi pamọ́. Ìrẹsì funfun kì í gbà ju 20 ìṣẹ́jú lọ lórí iná. Nítorí 20 ìṣẹ́jú! Mo lè gbé e kaná kí n tó bọ́ bàtà, kó jinná kí ọbẹ̀ tó hó. Tí mo bá fẹ́ dín iṣẹ́ alẹ́ kù nísinsìnyí, mo máa ń gé àlùbọ́sà sínú fíríìjì, mo máa ń lọ tòmátì, mo sì máa ń wọn ìrẹsì tútù sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Mo yí ìrìn mi padà pẹ̀lú. Báńkì ni àkọ́kọ́, aṣebàtà, kẹ́míìsì, ọjà ló sì ń kẹ́yìn. Láti ọjà, ilé tààrà ni, n kì í yà kí ẹnikẹ́ni. Ẹran tútù ní àpò tirẹ̀, mo sì máa ń fi ìgò omi tó ti di yìnyín há a láàárín. Tí adìẹ tó dára bá ti tán nígbà tí mo débẹ̀, ẹyin la ó jẹ.

Bí ìrẹsì bá ṣẹ́kù, kì í sùn sínú ìkòkò mọ́. Mo máa ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú abọ́ fífẹ̀, kó tètè tutù, kó sì ti wọ fíríìjì láàárín wákàtí 1. Wọ́n ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ba fíríìjì jẹ́. Abọ́ pẹrẹsẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Odindi ìkòkò gbígbóná ni kò yẹ kó wọ ibẹ̀, nítorí yóò mú ohun tó yí i ká gbóná, àárín rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì ní tutù bọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì la ti ń jẹ ẹ́ tán, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń gbé e padà sórí iná, kó sì gbóná débi pé èéfín ń yọ láti àárín. Mo tún ra temọ́mítà kékeré sínú fíríìjì, ohun tí mo sì rí bà mí lẹ́rù: ó kọjá 4°C dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń fọkàn tán an láti ọdún pípẹ́. Mo ti kó nǹkan kún un débi pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà. Ìgbà tí mo tú u, tí mo yí bọ́tìnnì rẹ̀ sókè díẹ̀, ló tó wálẹ̀.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò gbà fún mi tán. Ó ní láti kékeré lòun ti ń jẹ ìrẹsì àná, òun kò sì kú. Kò sí bí mo ṣe lè jiyàn rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ìgbà tí nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ pọ̀ gan-an ju ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ èèyàn létí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé kò tún fi ṣíbí kan oúnjẹ kan nínú ilé yìí láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Aago mélòó lo gbé e kúrò lórí iná?" Ó ń bi mí nípa ẹyin, ó ń bi mí nípa tíì. Láìpẹ́ yìí ó béèrè nípa búrẹ́dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo ní, "Màámi, búrẹ́dì ni." Ó ní aago lòun béèrè, òun kò béèrè orúkọ rẹ̀.